Ìtọ́jú Ọmọ Ìgúánà: Ewé Rẹ̀, Ooru Rẹ̀ àti Ìmọ́lẹ̀ Oòrùn Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní àkókò yìí jẹ mọ́ ẹranko kan tí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n tí ó ń wọ ilé àwọn ènìyàn wa kan tí ń gbé ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba. Àwọn ọmọ a rí i ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta ẹran ọ̀sìn, wọ́n a fẹ́ràn rẹ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀ tí ó dàbí ewé tútù, bàbá tàbí ìyá a sì rà á fún wọn láì bèèrè ohun tí ó ń jẹ. Ìgúánà ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a rà bẹ́ẹ̀ ni kì í dàgbà kí ó tó kú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé olówó wọn fi ebi pa wọ́n. Ohun tí ń pa wọ́n ni a fẹ́ ṣàlàyé, nítorí pé ohun tí a lè dènà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé awọ́nrínwọ́n ni à ń sọ. Awọ́nrínwọ́n ilẹ̀ wa a máa jí ẹyin kó, a máa gbé òròmọdìẹ, ẹran ni oúnjẹ rẹ̀. Kì í sì í ṣe alángbá orí ògiri, tí ń fi èèrà àti kòkòrò ṣe oúnjẹ. Ìgúánà aláwọ̀ ewé jọ wọ́n ní ìrísí, ṣùgbọ́n ewé ni ó ń jẹ, láti ìgbà tí ó ti jáde nínú ẹyin títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ti ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ láti Mẹ́síkò, ó la àárín Amẹ́ríkà kọjá dé Bùràsílì àti Paraguay, ó sì ń bẹ ní àwọn erékùṣù kan nínú òkun Karibéánì. Láti inú èdè àwọn Taíno ni orúkọ rẹ̀ ti wá, àwọn tí ń gbé erékùṣù wọ̀nyí kí àwọn ará Sípéènì tó dé. Ní apá àríwá Bùràsílì, camaleão ni wọ́n ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe agẹmọ rárá. Orí igi lẹ́bàá odò ni ibùgbé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin gùn tó sẹ̀ntímítà 17 sí 25, tòun tìrù, ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi lè gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ kí ó má mọ̀ pé òun gbé nǹkan.

Ní ìlú London, a wọ ilé kan tí wọ́n gbé ń sin ọ̀kan. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́sàn-án ni ó ni í. Bí ọmọ náà ti gbé e wá kí a lè rí i, bàbá rẹ̀ wí pé, “Ẹ wo itan rẹ̀ bí ó ti sanra! A kì í jẹ́ kí ebi pa á nínú ilé yìí.” Nítòótọ́, itan ẹ̀yìn méjèèjì tóbi, wọ́n sì yí roboto. Ṣùgbọ́n ẹranko náà kò lè fi ẹsẹ̀ gbé ara rẹ̀ sókè. Wíwọ́ ni ó ń wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n láìdúró, àgbọ̀n rẹ̀ sì wú débi pé ẹnu rẹ̀ kò pàdé. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹranko, ó fi ìka tẹ àgbọ̀n náà, ó sì rọ̀ bí rọ́bà. Àwọn àgbà wa a máa wí pé gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Sísanra tí bàbá náà ń yọ̀ sí kì í ṣe ọ̀rá. Egungun inú itan ni ó ti rọ̀, tí ara sì ń fi ẹran líle yí i ká kí ó má bàa ṣẹ́.

A bèèrè bí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní ewé létúùsì ni àwọn ń fún un ní òwúrọ̀, oúnjẹ ajá díẹ̀ ní alẹ́ kí ó lè lágbára, àti pé àwọn gbé àpótí dígí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí oòrùn lè máa kàn án. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó tọ̀nà, kò sì sí ọ̀kan tí wọ́n fi ìwà ìkà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ egungun dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbé wà. Ohun tí ń mú egungun le ni kálísíọ́mù, èròjà kan náà tí ó wà nínú èèpo ẹyin àti nínú ìkarahun ìgbín. Inú oúnjẹ ni kálísíọ́mù ti ń wá, ṣùgbọ́n kò lè ti inú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ bí ó ti yẹ, àfi bí fítámì D bá mú un wọlé. Awọ ara ìgúánà fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe fítámì yìí nígbà tí oòrùn bá ràn sí i. Kì í sì í ṣe gbogbo ìtànṣán oòrùn ni ó ń ṣe é, bíkòṣe irú kan tí ojú ènìyàn kò lè rí, tí a ń pè ní UVB. Nígbà tí kálísíọ́mù bá wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, ara kò lè jókòó kí ó máa wò ó, nítorí pé ọkàn àti iṣan kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ara a yá a lọ́wọ́ egungun. Bí ó bá ṣe pé lẹ́ẹ̀kan péré ni, kò burú. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ó ń yá, kò sì sí ohun tí yóò fi san án padà. Àìsàn yìí bá èyí tí ń tẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kéékèèké tí oòrùn kì í kàn tan. Ọmọ ìgúánà tètè ń mú un ju àgbà lọ, nítorí pé egungun ọmọ ṣì ń gùn, ó sì ń bèèrè ohun tí a ó fi kọ́ ọ ní gbogbo ọjọ́.

Níhìn-ín ni àṣìṣe fèrèsé gbé wọlé. Dígí a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, a máa jẹ́ kí ooru kọjá, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí gbogbo UVB lọ́nà. Nítorí náà ìgúánà tí ó jókòó sẹ́yìn fèrèsé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, inú òkùnkùn ni ó wà ní ti egungun rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ìlú olóòtútù kò ní ṣàì ra iná mànàmáná tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí, tí a kọ UVB sí lára, kí ó sì máa tàn án fún wákàtí 10 sí 12 lójúmọ́. Kí ó má ṣe fi dígí tàbí ike dí i. Kí ó gbé e sí ìwọ̀n jíjìn tí àwọn tí ó ṣe é kọ sínú ìwé rẹ̀, nítorí pé bí ó bá jìnnà jù, agbára rẹ̀ kì í dé ara ẹranko. Ohun kan tún wà tí ó ti tan ọ̀pọ̀ jẹ. UVB inú iná yìí a máa tán ṣíwájú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6 sí 12 ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń mọ́lẹ̀ gbòò lójú wa.

Bí ooru bá dé tí ojú ọjọ́ sì dára, oòrùn gidi ju iná èyíkéyìí lọ. Kí a gbé ẹranko náà jáde nínú àgò onírin tàbí onítẹ́ẹ́rẹ́ wáyà, kí a sì fi nǹkan bo apá kan kí ó lè rí ibòji sá sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e sí oòrùn nínú àpótí dígí. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àpótí náà a gbóná bí ààrò, ẹranko inú rẹ̀ a sì kú kí a tó wẹ̀yìn.

A ti wí pé ewé ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé kì í ṣe ohun tí ó rọrùn láti dà nínú ikùn. Màlúù àti ewúrẹ́ kò lè dá ṣe é. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí ni ń bẹ nínú ikùn wọn tí ń bá wọn fọ́ ewé náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ìgúánà, àfi pé inú ìfun ńlá rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ń gbé, ìfun náà sì pín sí yàrá yàrá kí oúnjẹ má bàa tètè kọjá. Ní ọdún 1982, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Troyer tẹ ohun tí ó rí ní Panama jáde. Ó fi hàn pé àwọn ọmọ ìgúánà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ láti inú ilẹ̀ a máa wá àwọn àgbà lọ, wọ́n a sì jẹ nínú ìgbẹ́ wọn, àti pé láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àwọn òṣìṣẹ́ ikùn yìí. Ohun tí ó dàbí ìríra lójú wa ni ogún àkọ́kọ́ tí ọmọ ń jẹ lọ́wọ́ àgbà láàárín wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ yìí kò lè ṣiṣẹ́ nínú òtútù. Ẹ̀jẹ̀ ìgúánà kì í mú ara rẹ̀ gbóná bí tiwa. Bí ibi tí ó wà bá ti rí ni ara rẹ̀ ń rí. Bí a bá fún un ní ewé tí ó dára jùlọ nínú yàrá tútù, ewé náà yóò dúró sínú rẹ̀ láìdà, kò sì ní pẹ́ tí kò fi ní jẹun mọ́. A gbọ́dọ̀ ní ibì kan nínú àgò rẹ̀ tí ooru rẹ̀ tó 35 sí 38 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, níbi tí yóò ti máa yáàrùn, kí apá kejì sì wà ní nǹkan bí 26 sí 29, kí ó lè máa lọ kí ó sì máa bọ̀ bí ara rẹ̀ bá ti fẹ́. Ní òru kí ó má ṣe lọ sílẹ̀ ju 24 lọ. Òṣùwọ̀n ooru ni kí a fi wò ó, kì í ṣe ọwọ́. Gílóòbù tí ń mú ooru wá gbọ́dọ̀ wà lókè níbi tí ẹranko náà kò lè fọwọ́ kàn án. Òkúta oníná tí wọ́n ń tà fún un láti máa sùn lé lórí kò dára. Ó ti jó ikùn ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí pé ìgúánà kì í tètè mọ̀ pé ohun tí ó wà lábẹ́ òun ń jó òun.

Wàyí o, ewé wo? Àwọn tí a lè máa fún un lójoojúmọ́ ni àwọn ewé dúdú tí kálísíọ́mù pọ̀ nínú wọn. Ní ọjà Amẹ́ríkà àti ti Ìlú Ọba, ewé collard, ewé mustard, ewé turnip àti ewé dandelion ni ó wọ́pọ̀ nínú irú èyí. Ẹ jẹ́ kí a máa pa wọ́n pọ̀, kí ó má jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ gbogbo. A lè fi elégédé tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ kún un, àti ẹ̀wà tútù tí a ń jẹ tòun tèèpo. Ewé àti òdòdó hibiscus dùn mọ́ ọn púpọ̀. Ìbẹ́pẹ àti máńgòrò dára fún un ní ìwọ̀nba, bí ẹni ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀, yóò máa ṣà wọ́n jẹ, yóò sì fi ewé sílẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wò ni pé kí kálísíọ́mù inú oúnjẹ tó ìlọ́po 2 èròjà kejì tí a ń pè ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, nítorí pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àpọ̀jù kì í jẹ́ kí kálísíọ́mù ráyè. Nítorí èyí ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kò fi yẹ ní oúnjẹ ojoojúmọ́. Kí a sì máa bu ìyẹ̀fun kálísíọ́mù díẹ̀ wọ́n orí ewé ọmọ ìgúánà ní ìgbà mélòó kan lọ́sẹ̀, èyí tí kò ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú.

Létúùsì tí orí rẹ̀ dì bí òkúta, omi ni. Ó ń kún ikùn, kò sì fi nǹkan síbẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní spinach dára lójú, ṣùgbọ́n èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ń di kálísíọ́mù mú tí kì í jẹ́ kí ó wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tiwa náà ní èròjà yìí. Àwa tí a ń rí tẹ̀tẹ̀ rà ní ìsọ̀ àwọn ènìyàn wa ní London kí a má ṣe sọ pé ohun tí ó dára fún wa yóò dára fún un. Píà ni kí a má ṣe fún un rárá, nítorí pé májèlé ni fún ọ̀pọ̀ ẹranko.

Ní ti ẹran, a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ó le díẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ ni a ti ń kọ́ àwọn ènìyàn pé ọmọ ìgúánà ń jẹ kòkòrò kí ó tó di àgbà, àti pé ẹyin tàbí oúnjẹ ajá yóò mú un dàgbà kíákíá. Òtítọ́ ni pé ó lè mú un dàgbà kíákíá. Ohun tí kò hàn lójú nígbà náà ni kíndìnrín rẹ̀, tí a kò dá fún pípọn irú ìdọ̀tí tí ẹran ń fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí náà a máa dì sínú kíndìnrín àti sí oríkèé ara. Ẹranko tí ìbá gbé ọdún 15 tàbí 20 a kú ní kékeré, olówó rẹ̀ a sì máa wí pé, “Ó ti ń jẹun dáadáa tẹ́lẹ̀.” Kò sí ìdí kankan tí a ó fi fún un ní ẹran.

Òwúrọ̀ ni kí a gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti yáàrùn tí ara rẹ̀ sì ti gbóná, kí ó lè rí gbogbo ọ̀sán fi dà á. Ìgúánà kì í rún oúnjẹ. Ó ń fi eyín já a ni, ó sì ń gbé e mì. Nítorí náà kí a gé ewé ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́. Kí a kó èyí tí ó kù kúrò ní ìrọ̀lẹ́. Ní ti omi, kí àwo omi mímọ́ wà níbẹ̀, kí a sì máa wọ́n omi sórí ewé àti igi inú àgò rẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ràn láti máa lá omi tí ń kán sórí ewé bí ó ti ń ṣe nínú igbó, afẹ́fẹ́ ibùgbé rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbẹ táútáú. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kí a tẹ́ sí ilẹ̀ àgò. Iyanrìn àti èérún igi a máa bá oúnjẹ wọ inú rẹ̀, wọ́n a sì dí ìfun.

Àwọn nǹkan kan wà tí ń dẹ́rù ba ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ìgúánà a máa sín, ohun funfun a sì gbẹ mọ́ ara dígí. Kì í ṣe òtútù ni ó mú un. Iyọ̀ àpọ̀jù inú ara rẹ̀ ni ó ń gba imú jáde. Lókè orí rẹ̀, ìpẹ́ kékeré kan wà tí ó yàtọ̀ sí ìyókù. Ojú kẹta ni a lè pè é, nítorí pé kò lè rí àwòrán ṣùgbọ́n ó ń mọ òjìji. Bí a bá na ọwọ́ sí i láti òkè, àwòdì ni ó rò pé ó dé, yóò sì sá. Láti ẹ̀gbẹ́ ni kí ọwọ́ ti máa lọ. Bí a bá sì fa ìrù rẹ̀, ó lè já a sílẹ̀ sọ́wọ́ wa. Òmíràn yóò hù, ṣùgbọ́n kì í dára bí ti àkọ́kọ́.

Kòkòrò àrùn kan tí a ń pè ní Salmonella a máa gbé nínú ìfun ìgúánà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, a sì máa fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru fún ènìyàn. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kí a má ṣe fọ àwo rẹ̀ níbi tí a gbé ń dáná. Ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 bá wà kò yẹ fún un.

Kí a tó rà á, kí a rántí pé ọmọ kékeré yìí yóò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5 tàbí 6, yóò sì nílò yàrá bí ènìyàn. Àìmọ èyí ti kó ìdààmú bá ìpínlẹ̀ Florida. Àwọn tí apá wọn kò ká a mọ́ tú u sílẹ̀, àwọn mìíràn sá jáde, wọ́n sì bí sí i títí wọ́n fi di ọ̀pọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù January ọdún 2010 àti ti ọdún 2018, nígbà tí òtútù ńlá mú, wọ́n ń já láti orí igi sílẹ̀, ara wọn ti le gbagidi. Alángbá inú òwe wa já láti orí ìrókò, ó sì mi orí láti yin ara rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò lè mi ohunkóhun. Ní April ọdún 2021 ìjọba ìpínlẹ̀ náà fòfin de sísìn wọn, àfi fún àwọn tí ó ti ní wọn tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ. Ibi gbogbo ni ó ní òfin tirẹ̀, kí a wádìí rẹ̀ kí a tó san owó.

Ìgúánà ọmọ ilé London yẹn kò kú. Oníṣègùn fún un ní kálísíọ́mù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọ́n ra iná UVB fún un, wọ́n sì dá oúnjẹ ajá dúró. Itan rẹ̀ ti tín-ín-rín báyìí, ó sì ń gun igi inú àgò rẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Ọmọ náà ni ó ń gé ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́ ju ti ìgúánà mìíràn lọ ní àràárọ̀ kí ó tó lọ sí ilé ìwé.